Bí Ẹ Ṣe Lè Sọ Ìgbòkun Ńlá Kalẹ̀, Kí Ẹ sì Dì Í, Láìjẹ́ Pé Ó Da Bò Yín

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ọkọ̀ onígbòkun máa ń bi mí: “Èwo ni kí n rà, kí ìgbòkun ńlá yìí yé dà bò mí lórí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀?” Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ ẹni tó ti ka owó sọ́wọ́. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí mo ti wọ̀, kì í ṣe àìsí ohun èlò ló ń da àwọn èèyàn láàmú. Ìgbòkun ni kì í fẹ́ wálẹ̀, tàbí kí ohun tó yẹ kó gbẹ̀yìn lọ ṣáájú. Ohun èlò tó wọ́n jù lọ kò lè gba ìgbòkun tó há sórí òpó.

Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ mú kí ìgbòkun máa wálẹ̀ dáadáa, a ó kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ dì í, lẹ́yìn náà la ó wá sọ̀rọ̀ ohun èlò.

Orúkọ tí mo máa lò

Òpó ni èyí tó dúró gbagidi láàárín ọkọ̀. Búùmù ni ọ̀pá tó nà gbalaja lẹ́sẹ̀ ìgbòkun. Okùn ìfàsókè ló ń fa orí ìgbòkun lọ sókè òpó. Okùn ìdarí ló ń fa búùmù wọlé tàbí kó jẹ́ kó jáde síta. Okùn ìgbékọ́ ni èyí tó ti orí òpó wá, tó di ìdí búùmù mú kó má baà já. Sílàìdì ni àwọn ike kéékèèké tó ń rìn nínú kòtò ẹ̀yìn òpó, tí etí iwájú ìgbòkun so mọ́. Bàtẹ́ẹ̀nì ni ọ̀pá pẹlẹbẹ tí wọ́n kì bọ inú aṣọ ìgbòkun kó lè nà. Ọ̀já ni okùn fífẹ̀ tí a fi ń di ìgbòkun mọ́ búùmù. Ẹ mọ iṣẹ́ ọ̀já tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe níbí.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó máa já wálẹ̀ fúnra rẹ̀

Ẹ dán an wò ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ò pọ̀, tó sì ń ti iwájú ọkọ̀ bọ̀. Ẹ fa ìgbòkun sókè tán. Ẹ fa okùn ìgbékọ́ le. Ẹ wá tú okùn ìfàsókè sílẹ̀ láì fọwọ́ kan aṣọ rárá. Tó bá já wálẹ̀ kọjá ìdajì òpó kó tó dúró, ìyẹn dára. Tó bá dúró lókè bí ewúrẹ́ tó kọ̀ láti rìn, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyí:

1. Ẹ fọ kòtò òpó. Ẹ mú sílàìdì kan tó ti gbó, kí ẹ wé àkísà tútù mọ́ ọn. Ẹ so okùn ìfàsókè mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ so okùn mìíràn mọ́ ìdí rẹ̀ tí ẹ ó fi fà á padà. Ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀. Iyọ̀ dídì àti ẹrẹ̀ tó máa bá àkísà wálẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Ẹni tó bá gbàgbé okùn ìsàlẹ̀ yẹn á gun òpó lọ mú àkísà rẹ̀.
2. Ẹ fín sílíkóònù gbígbẹ sínú kòtò náà. Ẹ má ṣe fi gíríìsì tàbí òróró ẹ́ńjìnnì sí i: á yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà á máa kó eruku jọ, á sì ba aṣọ ìgbòkun jẹ́.
3. Ẹ fọwọ́ kan àwọn sílàìdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá sán tàbí tó wú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tó ti tẹ̀ lè dá gbogbo ìyókù dúró.
4. Ẹ wo okùn ìfàsókè. Tó bá ti lọ́ mọ́ra, ẹ tú u sílẹ̀ gbọọrọ kó tú ìlọ́ rẹ̀. Bí púlì orí òpó bá ń dún kínkín nígbà tí okùn ń kọjá, ó ti fẹ́ lẹ̀ nìyẹn.
5. Ẹ so okùn ìfàwálẹ̀ mọ́ orí ìgbòkun. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ 4 mm tàbí 5 mm ni, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, kó gba inú púlì kan ní ẹsẹ̀ òpó, kó wá dé ibi tí ẹ ti ń tọ́ ọkọ̀. Tí ìgbòkun bá dúró, ẹ fà á.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, okùn ìfàwálẹ̀ ni màá mú. Iye rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì sẹ́ni tó ń polówó rẹ̀.

Sísọ ọ́ kalẹ̀, lẹ́sẹẹsẹ

1. Ẹ wá àyè. Ẹ nílò ibi tí ọkọ̀ lè lọ tààrà fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, láìsí òkúta, ọkọ̀ míì tàbí àwọ̀n apẹja níwájú. Ìgbà tí ẹ bá ti wọ ẹnu èbúté tán kọ́ ló yẹ kí ẹ máa rántí.
2. Ẹ wo gbogbo etí ọkọ̀ yíká bóyá okùn kan wà nínú omi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì kí ẹ sì kì í sí jíà. Okùn tó bá lọ́ mọ́ pùròpélà lásìkò yìí á gba ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ yín, ìgbòkun náà sì ti fẹ́ kúrò.
3. Ẹ ká ìgbòkun iwájú kúrò ná.
4. Ẹ fa okùn ìgbékọ́ títí búùmù á fi gbéra díẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní irin lílé tó ń ti búùmù láti ìsàlẹ̀, ẹ rí i pé ó ń gbé e lóòótọ́.
5. Ẹ kọjú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, kí ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ ń fẹ́ kí ìgbòkun máa gbọ̀n pẹrẹpẹrẹ láàárín, kó má wú sí ẹ̀gbẹ́ kankan.
6. Ẹ fa okùn ìdarí wọlé kí búùmù dúró láàárín ọkọ̀, kí ẹ sì dè é. Búùmù tó ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún lè gbé èèyàn jù sómi.
7. Ẹ dẹ gbogbo okùn tó ń fa ìgbòkun tàbí búùmù sísàlẹ̀, títí kan okùn tí ẹ fi ń dín ìgbòkun kù.
8. Ẹ tú okùn ìfàsókè kúrò ní ìdè rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó ṣì yí wíǹṣì, ìyẹn ẹ̀rọ rìbìtì tí a fi ń fa okùn, ká lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹnì kan dúró lẹ́sẹ̀ òpó, kó máa fi ọwọ́ fa etí iwájú ìgbòkun wálẹ̀.
9. Bí orí ìgbòkun bá ti dé ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ̀já kan dè é níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà tún gbé e lọ.
10. Ẹ yọ ìkọ́ okùn ìfàsókè kúrò lórí ìgbòkun, ẹ kọ́ ọ mọ́ ibòmíràn tó le, kí ẹ fà á le. Ìka yín kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ìkọ́ yẹn kí ó tó kọ́ ọ̀hún.

Ẹ má ṣe fojú kéré ìgbésẹ̀ kẹrin àti ìkẹwàá. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo tú okùn ìfàsókè láì fa okùn ìgbékọ́. Búùmù já wálẹ̀ gbì, ó fi bí ìbú ìka méjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọ̀rẹ́ mi, ó sì fọ́ ife tíì tó gbé sórí ìjókòó. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé èbúté. Ti ìkọ́ okùn ìfàsókè, ọwọ́ mi tutù, iyọ̀ sì wà lórí irin náà, ló bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kò sáré o. Ó rọra ń gòkè, ìwúwo okùn tó wà ní òdìkejì ń fà á, àwa mẹ́rin sì gbójú sókè, à ń wò ó bí ẹni ń wo ẹyẹ.

Okùn ìfàsókè náà tún nílò ibi tí yóò ti máa tú jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ká a róbótó, tí wọ́n á jù ú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú u, kókó kan á jáde láti ìsàlẹ̀ ìdì yẹn, á há, ìgbòkun á sì dúró ní ìdajì òpó. Ẹ rọra máa jọ̀wọ́ rẹ̀ sínú korobá láti ìdí títí dé ibi tó so mọ́ wíǹṣì. Bí ẹ ṣe kó o wọlé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa jáde.

*Kí ẹ tó tú okùn ìfàsókè:*
- Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò sí okùn nínú omi
- Okùn ìgbékọ́ ti le
- Búùmù wà láàárín, a ti dè é
- Okùn ìfàsókè wà ní korobá, kò lọ́
- Ọ̀já mẹ́rin tàbí márùn-ún wà lọ́rùn ẹni tó dúró lẹ́sẹ̀ òpó
- Ẹni náà wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó, ó sì fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀

Tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ ńkọ́?

Ẹ ṣì lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi ìgbòkun iwájú máa wakọ̀, kí afẹ́fẹ́ máa ti ẹ̀gbẹ́ iwájú bọ̀. Ẹ wá dẹ okùn ìdarí búùmù títí ìgbòkun ńlá á fi máa gbọ̀n lásán láìní agbára. Láti ibẹ̀ ó máa wálẹ̀.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Afẹ́fẹ́ á ti ìgbòkun mọ́ apá òpó (ọ̀pá tó yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ òpó lọ́tùn-ún lósì) àti àwọn wáyà tó di òpó mú, bàtẹ́ẹ̀nì á kọ́ wọn, ẹ ò sì ní lè fà á sókè tàbí sísàlẹ̀.

Fífi ọwọ́ dì í, láìsí ohun èlò kankan

Kódà tí ẹ bá máa ra nǹkan, ẹ kọ́ èyí.

1. Ẹnì kan dúró lẹ́sẹ̀ òpó, ẹnì kejì dúró ní ìdí búùmù. Ẹni tó wà ní ìdí ló ń ṣe iṣẹ́ jù.
2. Ẹni ẹ̀yìn di etí ẹ̀yìn ìgbòkun mú ní nǹkan bí 50 cm sókè búùmù, ó fà á sẹ́yìn kó nà, ó sì gbé e lé búùmù sí apá ọ̀tún. Ẹni iwájú ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú etí iwájú, sí apá kan náà.
3. Ìṣẹ́po tó tẹ̀ lé e lọ sí apá òsì. Lẹ́yìn náà, ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ni títí dé orí.
4. Bàtẹ́ẹ̀nì gbọ́dọ̀ sùn ní ìbámu pẹ̀lú búùmù. Èyí tó bá dábùú á ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá fa ọ̀já.
5. Ẹ so ọ̀já láti ìdí búùmù bọ̀ síwájú. Kókó tí ẹ lè fi ọwọ́ kan fà tú ni kí ẹ ta.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni ẹ̀yìn kì í fà á nà tó. Aṣọ á wá kó jọ sí àárín bí ikùn aboyún, ìbòrí ìgbòkun kò sì ní lè pa dé.

Tí afẹ́fẹ́ bá le, ẹ gbàgbé ìṣẹ́po. Ẹ mú apá ìsàlẹ̀ ìgbòkun, ẹ fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kó dà bí àpò, ẹ ki gbogbo ìyókù sínú rẹ̀ bí ẹni ń di ẹrù, ẹ yí i sókè sórí búùmù, ẹ dè é. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó ń yá. Ẹ tún un ṣe tí ẹ bá dúró.

Lazy jack: èyí tí mo máa ń sọ pé kí ẹ fi ṣáájú

Okùn méjì ni, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Wọ́n ti ara òpó wá, wọ́n la ẹsẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, wọ́n sì so mọ́ búùmù. Bí ìgbòkun bá ń bọ̀ wálẹ̀, àárín wọn ló máa bọ́ sí. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín so ó. Ohun tí màá júwe yìí bá ọkọ̀ tó gùn tó 8 m sí 11 m mu.

Ẹ wá okùn polyester 6 mm, púlì kékeré méjì, òrùka ike tàbí alumíníọ̀mù dídán mẹ́rin, ojú irin mẹ́fà fún búùmù, àti ìdè okùn méjì fún òpó. Fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan:

1. Ẹ sàmì sí búùmù ní ìdámẹ́rin, ní ìdajì, àti ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gígùn rẹ̀ láti òpó.
2. Ẹ so púlì mọ́ òpó, ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gíga òpó láti búùmù lọ sókè. Ẹ tún lè so ó mọ́ abẹ́ apá òpó, ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan síta. Ẹni tó bá rọrùn fún, kó ṣe ìkejì: àyè tó wà láàárín okùn méjèèjì á fẹ̀ sí i, bàtẹ́ẹ̀nì kò sì ní máa kọ́ okùn lemọ́lemọ́.
3. Ẹ ti okùn àkọ́kọ́ bọ inú púlì. Ìdí kan sọ̀ wá sí ìdè ní ẹsẹ̀ òpó. Ẹ so òrùka mọ́ ìdí kejì.
4. Ẹ ti okùn kejì bọ inú òrùka yẹn. Orí rẹ̀ kan lọ sí àmì tó jìnnà jù lórí búùmù. Ẹ so òrùka kejì mọ́ orí tó kù.
5. Ẹ ti okùn kẹta bọ inú òrùka kejì, kí orí rẹ̀ méjèèjì so mọ́ àmì ìdajì àti àmì ìdámẹ́rin.

Nítorí pé okùn ń yọ̀ nínú òrùka, ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa pín fífà náà láàárín ara wọn. Ẹ ò ní máa wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má tíì lu ihò kankan. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn lásán yí búùmù ká níbi àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ fi lọ sójú omi lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Òrùka ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju òkìtì ìgbòkun tó ti kó jọ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dà síta. Àmì tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìgbọ̀nwọ́ kan jìnnà sí ibi tí mo kọ́kọ́ fojú sí.

Ìgbà tí ẹ bá wá fẹ́ lu ihò, ẹ rántí pé okùn wà nínú ọ̀pọ̀ búùmù. Ẹ wé téèpù mọ́ ẹnu dírílì kó má wọlé jìnnà, kí ẹ sì lo rífẹ́ẹ̀tì dípò ìdè onígun mímú tí ẹnu rẹ̀ á máa gé okùn nínú lọ́hùn-ún. Ẹ fi ohun ìdènà ìpẹtà sáàárín irin tí kì í dípẹtà àti alumíníọ̀mù, torí àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀ ní àlàáfíà níbi tí iyọ̀ bá wà.

*Bí ẹ ṣe máa lò ó:* Kí ẹ tó fa ìgbòkun sókè, ẹ dẹ lazy jack, ẹ fà á síwájú, kí ẹ fi kọ́ ìkọ́ kan lẹ́sẹ̀ òpó. Bàtẹ́ẹ̀nì kò ní rí nǹkan kọ́. Bí ẹ bá ti ń wakọ̀, kó dẹ̀ díẹ̀ kó má baà máa ha ìgbòkun. Bí ó bá ku díẹ̀ kí ẹ sọ ìgbòkun kalẹ̀, ẹ fà á le. Kò rọ́pò okùn ìgbékọ́ o. Kò lágbára láti gbé búùmù.

Àwọn mìíràn, ní ṣókí

*Àpò orí búùmù.* Lazy jack ni, pẹ̀lú àpò onísípù tó wà lórí búùmù títí lọ. Ìgbòkun á já sínú rẹ̀, ẹ fa sípù, ó tán. Ó dára gan-an fún ìgbòkun tí bàtẹ́ẹ̀nì rẹ̀ gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ máa ń rí i tì sí ẹ̀gbẹ́, oòrùn sì máa ń jẹ òwú ìránṣọ rẹ̀ kó tó jẹ aṣọ. Ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan sípù náà.

*Dutchman.* Okùn ike tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ìwọ̀ ẹja ló gba inú àwọn ihò tó wà lára ìgbòkun láti òkè dé ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ so mọ́ okùn ìgbékọ́. Bí ìgbòkun ṣe ń wálẹ̀, á máa ṣẹ́ra rẹ̀ po sọ́tùn-ún sósì. Bàtẹ́ẹ̀nì kì í kọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ máa lu ihò sí ìgbòkun, ẹ máa la ìbòrí rẹ̀, okùn ìgbékọ́ yín sì gbọ́dọ̀ máa le dáadáa kó tó ṣiṣẹ́. Aṣọ tuntun tó ṣì le gan-an máa ń ṣagídí ní ìbẹ̀rẹ̀.

*Èyí tó ń ká sínú òpó.* Ẹnì kan lè ṣe é láì kúrò nídìí ìtọ́kọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń ká a wọlé, ẹ má ṣe tú okùn tó ń fà á sẹ́yìn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó ṣì máa fà, torí aṣọ tó bá wọlé ní wíwú ló ń há lẹ́nu ihò. Ibi tí búùmù ga dé náà ṣe pàtàkì: ọjọ́ tó bá wọlé dáadáa, ẹ fi tádàwà sàmì sí okùn ìgbékọ́, kí ẹ máa dá a padà síbẹ̀. Ìgbòkun tó ti gbó, tó ti fẹ̀ láàárín, kò bá a ṣe rárá.

*Èyí tó ń ká sínú búùmù.* Ó jẹ́ kí ẹ lè lo bàtẹ́ẹ̀nì gígùn, tó bá sì kọṣẹ́, ẹ ṣì lè sọ ìgbòkun kalẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àmọ́ bí búùmù bá fi díẹ̀ ga tàbí rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ, aṣọ á máa rá lọ síwájú tàbí sẹ́yìn bó ṣe ń ká. Ó wọ́n jù nínú gbogbo wọn.

Fún ọkọ̀ tí kò ju 9 m lọ, tí èèyàn méjì sábà máa ń wà nínú rẹ̀, èmi ò rí ìdí láti kọjá lazy jack.

Tó bá há lójú omi

1. Ẹ má ṣe fi wíǹṣì fà á tipátipá. Ẹ fà á sókè ní nǹkan bí 30 cm ná, lẹ́yìn náà ẹ tún un sọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni sílàìdì tó dábùú máa ń tò padà.
2. Ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo ohun tó kọ́ ara wọn kí ẹ tó fa nǹkan kan. Tó bá jẹ́ bàtẹ́ẹ̀nì àti lazy jack ni, ẹ dẹ lazy jack.
3. Ẹ padà wo korobá. Kókó lè wà níbẹ̀.
4. Tí kò bá wá rárá, ẹ mú okùn ìfàsókè mìíràn tí ẹ kò lò, ẹ máa fi yí ìgbòkun àti òpó ká láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni ń wé ọgbẹ́, kí ẹ fà á le. Afẹ́fẹ́ kò ní rí i mú dáadáa mọ́, ẹ sì lè fi ẹ́ńjìnnì wọ èbúté.
5. Bó bá jẹ́ èyí tó ń ká sínú òpó ló há, ẹ tú u jáde díẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn kó nà, ẹ tún ká a wọlé. Ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kó tó gbà. Tó bá ti jáde tán tí kò tún wọlé mọ́, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ láti orí òpó, kí ẹ so ó mọ́ orí ọkọ̀.
6. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun òpó nígbà tí ìgbì ń mi ọkọ̀. Ẹ dúró de èbúté.